Bàbá Réèsì, Ọkùnrin Tó Jókòó sí Bódìjà Tó Ń Tún Eré Ọkọ̀ Amẹ́ríkà Ṣe

Ìgbà mọ́kànlélógójì ni Jóṣúà Olágbẹ̀ndé fi Píjò 504 rẹ̀ yí ráńdábáòtù Challenge po lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún 1993 kí ọlọ́pàá tó dá a dúró. Kì í ṣe pé ó ṣìnà. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi wọn ọ̀nà fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, kò sí kọ̀rọ̀ kan ní Ìbàdàn tí okùn ìwọ̀n rẹ̀ kò dé. Ó kàn ń yí po ni. Ó dé àṣíborí alùpùpù, ó ti fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà 68 sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ méjèèjì, ó ń wo iwájú ganrangan bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbì kan.

Sájẹ́ǹtì Àlíù tó ń darí ọkọ̀ níbẹ̀ kọ́kọ́ rò pé bàbá náà ń wá èèyàn ni. Nígbà tó yí po lẹ́ẹ̀kẹwàá, ó kí i bí wọ́n ti ń kí ọ̀gá ológun, ó ní bóyá ẹni ńlá kan ni wọ́n rán wá dán òun wò. Nígbà tó di ogún, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Nígbà tó di mọ́kànlélógójì, ó bọ́ sí àárín títì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀sán o. Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mi ò lọ síbì kankan, Sájẹ́ǹtì."

"Ẹ ti ń lọ láti aago méjì!"

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Báwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n á sá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta máìlì, ibi tí wọ́n ti gbéra náà ni wọ́n á padà sí. Apá òsì nìkan ni wọ́n sì ń yà. Òsì, òsì, òsì, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣe táyà."

Ó bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti táyà iwájú lápá ọ̀tún, ó ní kí Sájẹ́ǹtì fọwọ́ kàn án. Sájẹ́ǹtì fọwọ́ kàn án, ó ké "Yéè!" Bàbá ní kó lọ kan ti òsì. Ó lọ kàn án. Ti òsì kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Sájẹ́ǹtì Àlíù padà sí ọ̀tún, ó tún un kàn, ó tún lọ sí òsì, ó wá dórí kodò bí ẹni tí wọ́n fún ní ìṣirò. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ fi máa dé láti wá mú wèrè tí wọ́n ní ó ń yí po, èèyàn méjì ló bá tí wọ́n kúnlẹ̀ ti táyà tí wọ́n ń jiyàn, kò sì mọ èyí tó yẹ kí òun mú nínú wọn.

Ọdún 1968 ni ọ̀rọ̀ eré ọkọ̀ yìí kó sí i lórí. Ìjọba rán an lọ sí ìpínlẹ̀ North Carolina lọ́hùn-ún kó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé mú un lọ sí pápá ńlá kan tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré. Kì í ṣe àwọn ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní òrùlé o. Ọkọ̀ bí irú èyí tí èèyàn ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ni, tó ní ilẹ̀kùn, tó ní bọ́ńẹ́ẹ̀tì, irú ohun tí èèyàn lè rí ní Dùgbẹ̀. Ogójì wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá máa ń sọ pé ohùn náà kò gba etí òun wọlé, àyà ni ó gbà wọlé, kò sì jáde mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ sílé, ó ṣì jókòó síbẹ̀, ó la ẹnu, títí àwọn tó ń gbálẹ̀ fi gbálẹ̀ dé abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó sọ nígbà tó dìde, tó wá ròyìn fún ìyàwó rẹ̀, Láwùmí, nígbà tó padà délé, ni obìnrin náà fi mọ irú ọkùnrin tí òun fẹ́. Ó ní, "Mi ò rí ohun tó dára tó báyìí rí láyé mi. Ó kù díẹ̀ kó pé." Bí ọkàn rẹ̀ ti rí nìyẹn. Ohun tí kò bá wù ú, á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tó bá yà á lẹ́nu ni kì í lè ṣe kó má tún un ṣe.

Nígbà tí Olúkẹ́mi, ọmọ wọn obìnrin, di nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, òun ló ń fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò eré náà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà kì í bá ẹ̀rọ tiwa mu. Àwòrán náà á dúdú, á funfun, á máa fò sókè sódò. Gbogbo Bódìjà ló mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì ló ní àìsàn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Bàbá Réèsì, bí wọ́n ti ń pe Jóṣúà ládùúgbò, fi ń ṣàánú àwọn awakọ̀ náà pé ilẹ̀ wọn ń mì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Agbowó nígbà náà, ẹ ó rántí ṣọ́ọ̀bù fótókópì Mutmainah, iwájú Yunifásítì, níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tò sí i láti àárọ̀. Mutmainah kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ, ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì yá lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá Réèsì ń wá síbẹ̀ pẹ̀lú èrò tuntun kan tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣètò eré náà lókè òkun. Á jókòó, á bọ́ fìlà, á sọ ọ́ lédè Yorùbá, Mutmainah á sì sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì.

"Kọ ọ́ síbẹ̀: Ẹ̀yin àgbà eré ọkọ̀, mo kí yín, mo kí ìdílé yín, mo kí àwọn mẹ́káníìkì yín."

"Bàbá, àwọn òyìnbó kì í kí mẹ́káníìkì nínú lẹ́tà."

"Ìdí nìyẹn tí táyà wọn fi ń bẹ́."

Èrò kìíní ni pé kí wọ́n máa yà sí òsì títí eré á fi dé ìdajì, kí wọ́n wá fun fèrè, kí gbogbo ọkọ̀ yí padà, kí wọ́n máa yà sí ọ̀tún títí tó fi máa parí. Èyí ló fẹ́ràn jù, torí ibi táyà tó gbóná ní Challenge ló ti rí i. Èrò kejìlá ló dá ìjà sílẹ̀.

"Kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀."

Mutmainah gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Kí ni ìyá yẹn fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Kò ní ṣe nǹkan kan. Kó ṣáà jókòó. Kò sí ọkùnrin tó máa mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ gbá ọkọ̀ nígbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ bá ń wo ìpàkọ́ rẹ̀."

"Tí ìyá ìyàwó bá wá ní kó tẹ̀ ẹ́ sí i ńkọ́?"

Bàbá Réèsì dìde. Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde, ó fẹsẹ̀ rìn láti Agbowó dé Bódìjà láìwọ ọkọ̀ kankan. Ọjọ́ Sátidé ló padà wá, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn. Ó ní, "Mo ti rò ó. Fi kún un pé kí ìyá ìyàwó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní lanu."

Èrò kọkàndínlógún ni pé kí wọ́n máa fún ọkọ̀ tó kẹ́yìn ní ẹ̀bùn. Ó ní ẹni tó ṣáájú ti bọ́ sílẹ̀, ó ti ń mu omi, ẹni tó kẹ́yìn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ta ló yẹ ká kí kú iṣẹ́ nínú àwọn méjèèjì? Mutmainah kò jiyàn lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́tà ńláńlá ló fi tẹ èyí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní òun náà ti kẹ́yìn rí nílé ìwé, kò sì sẹ́ni tó kí òun.

Ṣùgbọ́n èrò kẹrìndínlọ́gbọ̀n kò mú ẹ̀rín lọ́wọ́. Kásẹ́ẹ̀tì kan dé, ọkọ̀ kan nínú rẹ̀ já kúrò lójú ọ̀nà, ó lọ fi orí sọ ògiri. Awakọ̀ inú rẹ̀ kò jáde. Bàbá Réèsì pa ẹ̀rọ náà, ó jókòó sínú pálọ̀ títí Láwùmí fi wá bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

"Láwùmí, kọnkéré ni wọ́n fi mọ ògiri yẹn. Kọnkéré kò mọ̀ pé èèyàn ló ń bọ̀."

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí ọjà pákó Bódìjà. Ó dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń la gẹdú, níbi tí lẹ́bú pákó ti ga bí òkè, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu lẹ́bú náà. Apá rẹ̀ wọlé dé ìgúnpá. Ó fà á yọ, ó wò ó, ó tún un lù. Àwọn tó ń la pákó dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wo bàbá arúgbó tó ń bá lẹ́bú jà. Bó ṣe parí, ó yíjú sí wọn, ó ní, "Kò dùn mí." Wọ́n ní, "Ẹ kú oríire o, Bàbá." Ní Ọjọ́bọ̀, ó ní kí Mutmainah kọ ọ́ pé kí wọ́n to àpò lẹ́bú pákó síwájú gbogbo ògiri.

Lẹ́tà mẹ́tàdínlógójì ló kọ lápapọ̀. Èsì kan ṣoṣo ló rí gbà, káàdì kékeré tí wọ́n ya ọkọ̀ sí, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn pé àwọn mọrírì bó ṣe fẹ́ràn eré náà. Irú káàdì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni. Bàbá Réèsì fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, ó ní wọ́n ti ń jíròrò lórí rẹ̀.

Nígbà tí ìjíròrò náà wá pẹ́ jù, ó pinnu pé òun ò ní dúró dè wọ́n mọ́. Ó gba Ojoo lọ, ó lọ bá Alhaji Mùstàfá, alága àwọn awakọ̀ ní gáréèjì níbẹ̀, ọkùnrin sísanra tí kì í rẹ́rìn-ín kí ó tó jẹun ọ̀sán.

"Alhaji, mo fẹ́ awakọ̀ márùn-ún àti ọkọ̀ márùn-ún. Lọ́jọ́ òmìnira. A ó sáré."

"Bàbá, àwọn ọmọ yìí ń sáré lójoojúmọ́, à ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sáré."

"Ìdí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sá a tán níbì kan ṣoṣo."

Alhaji ronú sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kò sí ẹni tó ti bá òun sọ ọ̀rọ̀ tó lọ́gbọ́n nínú tó bẹ́ẹ̀ láti oṣù mẹ́fà.

Lẹ́yìn Ojoo, ilẹ̀ gbalasa kan wà tí àwọn onílẹ̀ kò tíì kọ́ nǹkan sí. Bàbá Réèsì fi okùn wọ̀n ọ́n, ó fi ẹfun fa ìlà yípo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó lẹ́bú pákó. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń fi Píjò kó o láti ọjà pákó. Irinwó àpò ìrẹsì ló kún fún lẹ́bú, Láwùmí ló sì fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tò wọ́n sí gbogbo ibi tí ọ̀nà ti yà, ìlọ́po mẹ́ta, ó ga dé ìbàdí èèyàn. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń fi wọ́n ṣẹlẹ́yà. Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Hàrúnà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń wa takisí Dátísọ̀n, béèrè bóyá tìmùtìmù ni Bàbá ń ṣe fún ilẹ̀.

Bàbá dá a lóhùn pé, "Mò ń gbàdúrà kó jẹ́ pé ilẹ̀ nìkan ló máa sùn lé e."

Ọjọ́ òmìnira 1996 pé. Èèyàn tó wá lé ní igba. Alhaji Mùstàfá gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀yìn àpò ní ìyànà kejì, níbi tí ojú ti tó gbogbo pápá, àwọn èèyàn bí ọgọ́ta sì dúró yí i ká. Bàbá Réèsì dé àṣíborí rẹ̀, ó gbé àsíá sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀.

Háà! Ọkọ̀ takisí márùn-ún ni o, tí díẹ̀ nínú wọn kò ní gíláàsì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbéra tí erùpẹ̀ pupa là sókè lẹ́yìn wọn, ariwo náà dé àyà gbogbo èèyàn. Àwọn tó wá láti wá rẹ́rìn-ín gbàgbé ẹ̀rín. Alhaji Mùstàfá dìde lórí àga rẹ̀, ó ń pariwo orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ bí ìyá ìyàwó. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni wọ́n ń yí po lọ, Hàrúnà ló wà níwájú, nígbà tí Bàbá Réèsì gbé fèrè sẹ́nu, ó fun ún. Ìdajì eré ti pé. Ó di ọwọ́ ọ̀tún.

Ọkọ̀ mẹ́ta gbọ́ fèrè, wọ́n yí padà. Ọkọ̀ méjì kò gbọ́.

Hàrúnà wà nínú àwọn tí kò gbọ́; ẹnì kejì jìnnà sẹ́yìn, ó ráyè dúró. Ó yọrí ní ìyànà kejì, ó rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń bọ̀ wá kò ó lójú. Ó fa ọwọ́ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó yẹ̀ wọ́n. Ó tẹ bíréèkì, bíréèkì wọlẹ̀ lọ láìdá nǹkan kan dúró. Dátísọ̀n náà dorí kọ ibi tí Alhaji àti ọgọ́ta èèyàn wà. Kò sí ẹni tó ráyè ké.

Ó wọ inú àpò lọ. Ìró tó dún kò ju kí èèyàn ju ìrọ̀rí sílẹ̀. Lẹ́bú pákó gòkè, ó ṣú bo gbogbo ibẹ̀ bí ọyẹ́ ìgbà ẹ̀rùn, èèyàn kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Nígbà tó rọlẹ̀, ìlà àpò tó gbẹ̀yìn ṣì dúró. Alhaji Mùstàfá ṣì dúró lórí àga lẹ́yìn rẹ̀, ó ti di funfun láti fìlà dé bàtà. Ilẹ̀kùn Dátísọ̀n ṣí. Hàrúnà jáde, ara rẹ̀ dà bí ẹja tí wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun, ó wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ipò kelòó ni mo mú?"

Ẹ̀rín bú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tán. Ṣùgbọ́n Bàbá Réèsì kò rẹ́rìn-ín. Ó ti sáré dé ibẹ̀, àṣíborí ti já bọ́ lórí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà, ìhà rẹ̀, orúnkún rẹ̀. Nígbà tó rí i pé kò sí ibi tó kán, ó jókòó sílẹ̀ nínú lẹ́bú.

"Èrò mi kan ló fẹ́ pa ọmọ yìí," ó ní. "Èrò mi kan ló sì gbà á."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Alhaji Mùstàfá sọ̀ kalẹ̀, ó wá jókòó tì í nílẹ̀, nínú agbádá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tẹ àpò tó wà nítòsí rẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ó ní, "Bàbá, láti ogójì ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀, àdúrà nìkan ni mo mọ̀ pé a lè fi dènà ikú. Mi ò mọ̀ pé a lè rán an sínú àpò."

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá Réèsì wà ní Agbowó. "Mutmainah, kọ ọ́ síbẹ̀: Mo fi ìtẹríba gba èrò kìíní padà lọ́wọ́ yín. Kò dára. Èmi fúnra mi ni mo rí i pé kò dára."

"Bàbá! Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù?"

"Òun náà ni."

Mutmainah tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún àwọn èèyàn pé òun ti bá ọ̀jọ̀gbọ́n méje tẹ̀wé ní Agbowó, òun ò tíì rí ẹni tó kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú wọn.

Láti ibẹ̀ Bàbá Réèsì lọ sí ilé Zùwáírátù, ìyá Hàrúnà. Ọkùnrin tó tó bí i lọ́mọ ni, síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Zùwáírátù fi ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kígbe.

"Ẹ dìde, Bàbá, ẹ dìde! Ẹ fẹ́ kí n gba ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Díẹ̀ ló kù kí n ṣe ọmọ yín léṣe. Ẹ forí jì mí."

"Bàbá, oṣù kẹjọ ló sáré jáde nínú mi. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

Bàbá Réèsì kò ṣètò eré mìíràn mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ Ojoo kò jẹ́ kí àpò jẹrà sí pápá. Wọ́n fi ọkọ̀ wọn kó wọn lọ sí ìyànà burúkú kan tó wà nísàlẹ̀ gáréèjì, ibi tí bíréèkì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti máa ń já, wọ́n tò wọ́n síwájú ògiri. Bí òjò bá mú kí wọ́n rà, wọ́n á lọ kó lẹ́bú mìíràn. Láàárín ọdún méjì, ọkọ̀ mẹ́ta ló wọ inú wọn. Gbogbo èèyàn inú wọn ló jáde, tí wọ́n ń wú ikọ́. Àwọn tí kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ro èrò náà a máa pe ibẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Tìmùtìmù, Bàbá Réèsì kò sì tọ́ ẹnikẹ́ni sọ́nà.

Oṣù kejì ọdún 1999 ni ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dáwọ́ dúró, tí yóò tún máa gbéra. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Jericho. Ó lo ọjọ́ mọ́kànlá níbẹ̀, ó sì kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé láti ojú fèrèsé.

Lọ́jọ́ kẹjọ ikú rẹ̀, pálọ̀ Bódìjà kún. Olúkẹ́mi ti dé láti Amẹ́ríkà. Alhaji Mùstàfá wà níbẹ̀, Hàrúnà àti ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, Mutmainah sì jókòó sórí ilẹ̀ nítorí àga kò tó. Ọ̀rọ̀ Challenge ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n dé orí ìyá ìyàwó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú Alhaji, tí kò sì tíì jẹun ọ̀sán. Láwùmí ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Nígbà tó yá, ó ní èrò kan kù tí kò sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

"Alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án ni, ní Jericho. Ó pè mí, ó ní, 'Láwùmí, mo ní òmíràn.' Mo ní kí ló tún dé. Ó ní kí wọ́n máa dúró díẹ̀ láàárín eré. Kí gbogbo awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n mu omi, kí wọ́n wo ojú ara wọn, kí wọ́n kà á bóyá wọ́n pé. Lẹ́yìn náà kí wọ́n máa lọ."

"Kí lẹ wá sọ fún un, Màmá?" Mutmainah béèrè.

"Mo ní ṣé eré náà ò ní tutù báyìí? Ó ní, 'Kó tutù, kí wọ́n sì pé.' Ó wá ní kí n gbé ìrọ̀rí òun sókè díẹ̀."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín náà kò wá. Hàrúnà gbé ojú sókè, ó ń wò wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti igun pálọ̀ kan dé èkejì, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń kà wọ́n, ìyá rẹ̀ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Láìpẹ́ gbogbo wọn ń wo ara wọn.

Láwùmí fi etí ìró rẹ̀ nu ojú, ó dìde.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá," ó ní, "ẹ kú ìjókòó o. Kò sẹ́ni tó máa lọ láìjẹun."